Òṣùmàrè tó Yí Àbẹ́là Ká: Bí Ojú Òsì Mi Ṣe Lọ Nínú Yàrá Àṣàrò

Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé omi ti há sínú ojú yín, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Èmi ò kàwé. Tọ́lání, ọmọ ọmọ mi obìnrin, ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Èdè Oǹdó ni mò ń sọ, òun ló ń kọ ọ́ ní Yorùbá tí gbogbo èèyàn máa gbọ́. Ọlọ́run fún mi ní ojú méjì, ọ̀kan ni mo fi ń wo ayé báyìí. Bí èyí òsì ṣe lọ, àti bí èyí ọ̀tún ṣe kù díẹ̀ kó tẹ̀ lé e, ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí pé ohun tó gbé e lọ ò wá bí àrùn. Ó wá bí ìbùkún.

Oǹdó ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé mi. Irun ni mò ń dì ní Arákalẹ̀, lábẹ́ páànù kan tí èmi àti Ìyá Rọ́pò, onídìrí ẹlẹgbẹ́ mi, jọ ń jókòó sí. Irun òwú, ṣùkú, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, èyí tó bá wu oníbàárà. Nígbà tí mò ń sọ yìí, Èkìtì ti kúrò lára ìpínlẹ̀ wa tipẹ́, fóònù ti wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, ọkọ mi sì ti kú fún ọdún kan. Bọ́sẹ̀, ọmọ mi kan ṣoṣo, ìyá Tọ́lání, ló ń bá mi gbé.

Ikú ọkọ mi ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wá Ọlọ́run. Kì í ṣe pé mi kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀. Inú Áńgílíkà ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ká ṣí Bíbélì, èmi náà á ṣí tèmi. Màá wo bí ti ẹni tó jókòó tì mí ṣe nípọn tó lápá òsì, màá ṣí tèmi kó nípọn tó bẹ́ẹ̀, màá sì tẹjú mọ́ ọn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe é. Bọ́sẹ̀ gan-an ò mọ̀ àfi ìgbà tó dàgbà. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, mo jókòó ti pósí, ohun tó wá sọ́kàn mi ni pé gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ibi tí ọkùnrin yìí ń lọ, ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ. Èmi fúnra mi ò mọ nǹkan kan.

Oníbàárà mi kan wà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ilé rẹ̀ wà ní Ìjàpọ̀ Ẹsitéètì. Màmá Tíṣà la máa ń pè é. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ẹni tó máa ń dákẹ́ díẹ̀ kó tó dá èèyàn lóhùn. Lọ́jọ́ kan tí mò ń di ṣùkú fún un, mo sọ ẹ̀dùn ọkàn mi yìí, títí kan ọ̀rọ̀ Bíbélì tí mò ń ṣí láìmọ ohun tó wà níbẹ̀. Orí rẹ̀ wà láàárín orúnkún mi, kò lè wojú mi, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí n lè sọ ọ́.

Ó wá ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ta ló sọ fún yín pé inú ìwé nìkan ni Ọlọ́run ń gbé? Ẹ wá bá wa jókòó. Àṣàrò ò béèrè A, B, D lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Bí mo ṣe wọ inú ẹ nìyẹn.

Ọjọ́rú àti Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, la máa ń pàdé. A ò ju bíi méjìlá lọ. Yàrá kan wà lẹ́yìn pálọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ti fi aṣọ dúdú kan fèrèsé rẹ̀ pa, wọ́n tún fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Oòrùn lè máa ta lóde, inú ibẹ̀ á dúdú bí inú ìkòkò. A óò jókòó sórí ẹní, a óò tẹrí ba, a óò máa mí díẹ̀díẹ̀. Màmá Tíṣà ní bí mo bá mí sínú, kí n sọ lọ́kàn mi pé, "O wà níbí." Bí mo bá mí síta, kí n ní, "Èmi náà wà níbí." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní bí èèyàn bá ń ṣe é láìdẹ́kun, ojú inú á là, èèyàn á mọ Ọlọ́run bí ó ṣe mọ ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ilé.

Mi ò ní parọ́ mọ́ àṣàrò. Ó ṣe mí lóore. Láàárín oṣù méjì, ẹkún ọkọ mi dá. Mò ń sùn. Ohun tí wọ́n bá sọ sí mi lọ́jà, mi kì í gbé e délé mọ́. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí ni, ǹ bá má ní ìtàn kankan láti sọ.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní àṣà kan. Lẹ́yìn ìjókòó, Màmá Tíṣà á tan àbẹ́là kan ṣoṣo sáàárín wa, oníkálukú á wò ó, á sì sọ ohun tó rí. Ẹni tó bá ti rí nǹkan, á sún síwájú sórí ẹní funfun. Ẹni tí ò tíì rí nǹkan, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Oṣù márùn-ún ni mo fi jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọmọdébìnrin tó dé lẹ́yìn mi ti sún síwájú, ó ní òun gbóhùn. Bó bá kàn mí, màá ní, "Mi ò tíì rí nǹkan." Ìtìjú Bíbélì yẹn tún padà wá bá mi. Mo lè parọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni, ẹ̀rù ń bà mí láti fi parọ́.

Ní Ọjọ́rú kan, bí wọ́n ṣe ṣáná sí àbẹ́là, mo rí i. Òṣùmàrè yí iná náà ká róbótó, pupa lóde, àwọ̀ ewé láàárín, àwọ̀ aró nínú. Mo di ojú, mo là á, ó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo sọ ọ́. Màmá Tíṣà bi mí pé àwọ̀ wo ló wà lóde, àwọ̀ wo ló wà nínú, mo dá a lóhùn. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní ó ti tó ogún ọdún tí òun ti ń ṣe àṣàrò, òun ò rí irú rẹ̀ rí. Ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ sún síwájú."

Mo sún síwájú. Èmi tí mi ò mọ lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ mi, mo sún síwájú tíṣà àti nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ìjọba. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: láti ọjọ́ yẹn, mi ò fi bẹ́ẹ̀ wá Ọlọ́run mọ́. Òṣùmàrè ni mò ń wá.

Ó sì ń wá. Kì í ṣe gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ó ń wá. Bó bá sì wá, orí á fọ́ mi lápá òsì, lókè ojú níbí, bí ẹni tí wọ́n ń fi ọmọ odó gún egungun rẹ̀. Inú á máa rú mi. Bí mo bá délé tí mo sùn, ó máa ń lọ. Mo sọ fún Màmá Tíṣà, ó ní ẹrù tí Ọlọ́run bá gbé ka èèyàn lórí ò lè fúyẹ́. Ẹ kíyè sí nǹkan kan: mi ò rí òṣùmàrè yẹn rí nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó pẹ́ nínú òkùnkùn. Ìyẹn tún jẹ́ kí ó dá mi lójú pé àṣàrò ló ń bí i.

Nídìí iṣẹ́, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń la irun tó gún bí ọfà, àwọn èèyàn ń tìtorí ẹ̀ wá láti Ìjàpọ̀. Oníbàárà kan gba dígí lọ́wọ́ mi, ó wo orí ara rẹ̀, ó ní, "Màmá, ọ̀nà oko lẹ là sí mi lórí yìí." Mo tú u, mo tún un là, ó tún wọ́. Ìyá Rọ́pò rẹ́rìn-ín títí, ó ní onídìrí tó ń rí Ọlọ́run ò rí orí oníbàárà. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká òsì gbá férémù ilẹ̀kùn. Mò ń bu omi, ó ń dà sẹ́yìn ife. Lọ́jọ́ kan tí mo fẹ́ kọjá títì Arákalẹ̀, ọ̀kadà kan bọ́ láti apá òsì, àfi bí ẹni pé inú afẹ́fẹ́ ló ti já bọ́. Ọlọ́kadà náà ṣépè fún mi. Mi ò rí i rárá, bó ti wulẹ̀ kó mọ.

Bọ́sẹ̀ ní ká lọ ọsibítù. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Màmá, ẹ̀gbẹ́ lẹ fi ń wo nǹkan báyìí, bí adìyẹ." Mo bínú. Mo ní, "Bọ́sẹ̀, ìwọ tí o kàwé, kí lo ti rí?" Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Nígbà tó di àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀, Màmá Tíṣà ṣètò ìjókòó ọlọ́jọ́ méje. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ò ní jáde nínú yàrá òkùnkùn yẹn àfi bó bá fẹ́ wẹ̀ tàbí bó bá fẹ́ yàgbẹ́. Àwa mẹ́ta la wọlé. Ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì dára. Ní ọjọ́ kẹta, lọ́sàn-án, ìrora bẹ́ sílẹ̀ lójú òsì mi.

Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ìrora yẹn. Kì í ṣe ẹ̀fọ́rí. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ki ata sínú ojú mi, tí wọ́n wá ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti inú jáde. Mo bì sínú abọ́, mo tún bì. Mo fi ìka kan ìpéǹpéjú mi, ojú náà le bí èkùrọ́ lábẹ́ rẹ̀. Màmá Tíṣà kúnlẹ̀ tì mí, ó ń gbàdúrà, ó ń sunkún. Mi ò ní í pè é ní èèyàn búburú láéláé. Ó ní, "Ẹnu ọ̀nà ló ń ṣí yìí. Bí ẹ bá jáde báyìí, ta ló mọ̀ bóyá ó máa tún ṣí?" Kò fipá mú mi. Ilẹ̀kùn yàrá yẹn ò ní kọ́kọ́rọ́. Èmi ni mo ní mi ò jáde.

Títí di ọ̀sán ọjọ́ kẹrin ni mo fi wà lórí ẹní yẹn. Nígbà tí àkókò àbẹ́là tó, wọ́n gbé mi jókòó. Ojú òsì dà bí ẹyin iná, mo fi ọwọ́ bo ọ̀tún kí n lè fi èyí tí òṣùmàrè ń tọ̀ wá wo iná náà dáadáa. Mo dúró. Mo ní, "Ẹ ò tíì tan àbẹ́là?"

Wọ́n ní wọ́n ti tàn án.

Mo ní, "Ta ló wá pa á?"

Mo gbọ́ bí ẹnì kan ṣe sún sẹ́yìn lórí ẹní. Mo mú ọwọ́ kúrò lójú ọ̀tún, àbẹ́là wà níwájú mi, ó ń jó gere. Mo tún fi ọwọ́ bò ó, òkùnkùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi pe Bọ́sẹ̀ lórí fóònù.

Ọsibítù ojú kan wà ní Oǹdó, ibẹ̀ ni Bọ́sẹ̀ ní ká lọ. Ilé ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Akin, la kọ́kọ́ dé sí. Ìyá Akin ti gbọ́, ó ti ra omi ewé kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oògùn ojú. Bọ́sẹ̀ kọ̀. Ìyá Akin ní ta ni Bọ́sẹ̀ níbi tí àgbà méjì bá ti ń sọ̀rọ̀, ṣé òun ló wà níbẹ̀ nígbà tí omi ewé yìí la ojú bàbá àwọn? Ó ti rẹ̀ mí débi tí mi ò lè jà. Mo ní kí wọ́n kán an. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ igbe mi. Ọjọ́ kan gbáko tún lọ mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ la ti dé ọsibítù, bẹ́ńṣì sì ti kún. Bí wọ́n bá pe ẹnì kan wọlé, gbogbo wa á fìdí sún. Bàbá kan tó fi aṣọ dí ojú jókòó tì mí. Ó ní, "Ìyá, ẹ rọra sún o. Ọ̀nà ọ̀run gan-an ò gùn tó bẹ́ńṣì yìí." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, èébì ló jáde. Nígbà tí nọ́ọ̀sì rí ìyẹn, ó mú mi wọlé láìtò.

Dókítà jẹ́ obìnrin, ó kéré sí Bọ́sẹ̀. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ àti oògùn tí ìrora fi rọlẹ̀, ó wá fi ẹ̀rọ wo ojú méjèèjì. Ó pẹ́ lórí òsì. Ó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀tún. Ó bi mí bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ti òṣùmàrè, mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ́rìí, mi ò sì tijú. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ṣé inú òkùnkùn lẹ ti máa ń jókòó kí ẹ tó rí i?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ sì máa ń tẹrí ba?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í pé ta ló sọ fún un.

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní omi kan wà nínú ojú tí kì í ṣe omijé, ó ń wọlé, ó sì ń gba gọ́tà kékeré kan jáde. Gọ́tà tèmi tóóró láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Bí mo bá wà nínú òkùnkùn, ọmọ ojú á fẹ̀ kó lè ríran, bó bá sì fẹ̀, tí mo tún tẹrí ba tí ohun inú ojú sún síwájú, á dí gọ́tà náà. Omi á kún, ojú á wú nínú, iná tí mo bá wò á sì yọ òṣùmàrè. Gbogbo ìgbà tí mo rí i, ojú mi ló ń kú díẹ̀díẹ̀.

Mo bi í bóyá òsì á padà. Ó ní kò ní padà. Ó ní, "Ọ̀tún ni mò ń bẹ̀rù fún. Gọ́tà tirẹ̀ náà tóóró bí ti òsì. Ohunkóhun lè dí i, nígbàkigbà." Ó ní àwọn ní ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán iná lu ihò tín-ínrín síbi tí omi lè gbà, Ọjọ́bọ̀ nìkan ni wọ́n ń lò ó. Kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Ó fún mi ní oògùn tí màá máa kán, ó ní mi ò gbọdọ̀ jókòó sínú òkùnkùn mọ́.

Ẹ gbọ́, mi ò lọ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn.

Ìyá Akin ló kọ́kọ́ fọwọ́ lérí. Ó ní ẹni tó ní ojú méjì lè fi ọ̀kan dán nǹkan wò, ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ́ kí wọ́n fi iná lu èyí tó ṣẹ́ kù? Ó ní òun mọ ọkùnrin kan ní Oǹdó níbẹ̀ tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, tí wọ́n fà lọ́wọ́ jáde. Nígbà tí mo padà sí Àkúrẹ́, Màmá Tíṣà wá kí mi. Ó gbé ọsàn wá. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí dókítà sọ, ó wá ní, "Kí dókítà mọ ọ̀nà tí omi ń gbà, ṣé ìyẹn ní kí Ọlọ́run má gba ibẹ̀? Bí wọ́n bá lù ú, ohun tí ẹ ti fi gbogbo oṣù yìí wá lè tán nìyẹn." Bọ́sẹ̀ dìde, ó jáde kó má baà sọ ohun tí kò yẹ. Èmi náà ò mọ ohun tí mo fẹ́. Mò ń bẹ̀rù ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó tún bà mí jù ni pé bí òṣùmàrè yẹn bá jẹ́ àrùn lásán, a jẹ́ pé ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mo ṣì wà láti ọjọ́ yìí. Mi ò kán oògùn. Igo wà lórí tábìlì, mi ò fọwọ́ kàn án.

Ọ̀sẹ̀ yẹn tán. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, òjò àkọ́rọ̀ ṣú lọ́sàn-án. Àwọsánmà dúdú bo gbogbo Àkúrẹ́, wọ́n ti mú iná lọ, pálọ̀ wa sì ṣókùnkùn. Mo jókòó síbẹ̀, mo tẹrí ba, mò ń ronú. Bọ́sẹ̀ wọlé, ó tan láńtánì, ó gbé e síwájú mi.

Òṣùmàrè wà lára rẹ̀.

Pupa lóde, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró. Ojú òsì ti kú, kò lè jẹ́ òun. Mo fi ọwọ́ bo ọ̀tún, ó lọ. Mo mú ọwọ́ kúrò, ó wà níbẹ̀. Egungun ojú ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mo fi oṣù márùn-ún tọrọ lẹ́bàá ilẹ̀kùn ló jókòó síwájú mi nínú ilé ara mi yìí, mi ò sì bẹ̀rù nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní, "Bọ́sẹ̀, oògùn yẹn. Yára." Ó kán an. Mo ní kó mú mi jáde síta, síbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà. A dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, òjò ń ta sí wa lára, ó ń kán oògùn, mò ń wo igi ọsàn ilé kejì, ẹ̀ka kan tẹ̀ lé òmíràn, mò ń kà wọ́n, kí n lè mọ̀ bóyá mo ṣì ń rí wọn. Ó pẹ́ kí ìrora yẹn tó rọ̀.

Mo ní, "Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀, àbí?"

Ó ní, "Ọ̀la ni, Màmá."

Èmi àti Bọ́sẹ̀ wà lórí bẹ́ńṣì Oǹdó kí wọ́n tó gbálẹ̀ ibẹ̀ tán. Ó ku èèyàn méjì kó kàn mí ni iná ìjọba lọ. Nọ́ọ̀sì kan jáde, ó ní ẹ̀rọ ò lè ṣiṣẹ́ àfi bí jẹnẹrétọ̀ bá tàn, bí kò bá tàn, ó di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. A ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa okùn rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Á hó, á kú. Á hó, á kú. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí òjò kan lè ṣe. Nígbà tó tàn, bàbá kan pàtẹ́wọ́.

Wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n mi lé irin kan, kí n fi iwájú orí ti òmíràn. Dókítà ní, "Màmá, ẹ má mira rárá. Bí ẹ bá mira, iná á bọ́ síbi tí a ò fẹ́." Ìtan mi ń gbọ̀n, eyín mi ń gbá ara wọn. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí wọ́n ṣe kọ́ mi. O wà níbí. Èmi náà wà níbí. Iná náà ta, ó dà bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ ta mí nínú ojú. Ó tún ta. O wà níbí. Mi ò wá òṣùmàrè. Mi ò wá nǹkan kan. Ojú mi wà ní lílà, mò ń wo iná náà bó ṣe ń bọ̀, ìbẹ̀rù wà níbẹ̀, kò lọ síbì kankan, ṣùgbọ́n mo jókòó tì í.

Nígbà tó parí, dókítà ní òun kì í sábà rí ẹni tó ń jókòó jẹ́ẹ́ báyìí, ó béèrè ta ló kọ́ mi. Mo ní, "Màmá Tíṣà kan ni, ní Àkúrẹ́."

Oṣù kan lẹ́yìn náà, mo lọ sí Ìjàpọ̀ ní Ọjọ́rú. Mo jókòó síta títí wọ́n fi ṣe ìjókòó tán, nígbà tí wọ́n tan àbẹ́là, mo wọlé. Mo ní èmi náà fẹ́ sọ ohun tí mo rí. Mo sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Mo ní mi ò sọ pé Ọlọ́run ò sí nínú yàrá yìí o, mo ní òṣùmàrè mi kì í ṣe òun. Màmá Tíṣà tẹrí ba. Bí mo ṣe ń bọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin kan tó ń jókòó lórí ẹní funfun jáde wá bá mi. Ó bi mí lóhùn kékeré pé ṣé pupa ló wà lóde, àwọ̀ aró nínú? Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, èmi àti òun la jọ lọ sí Oǹdó. Ojú rẹ̀ méjèèjì ṣì wà títí dòní.

Ó pẹ́ kí Màmá Tíṣà tó tún wá dirun lọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ tó wá, orí rẹ̀ wà láàárín orúnkún mi, ó ní òun ti ká aṣọ dúdú yẹn kúrò lójú fèrèsé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí báyìí. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo la irun rẹ̀. Ó wọ́ díẹ̀, kò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn náà.

Ẹ̀yin tí àìsàn yìí bá, bí ẹ bá ń rí òṣùmàrè lára iná, tí egungun ojú ń fọ́ yín, ẹ má dúró dọ̀la, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán ohun tí dókítà ò mọ̀ sí yín lójú. Ẹ sọ fún àwọn tí ẹ jọ jẹ́ ẹbí kí wọ́n lọ yẹ ojú wọn wò. Ìyá Akin lọ, gọ́tà tirẹ̀ náà tóóró, wọ́n ti lù ú. Ó ń ṣe bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ dá a lábàá. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá fún ẹ̀rọ yẹn, ẹ lọ. Ó dùn mí lẹ́ẹ̀mejì, kò dùn mí mọ́.

Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Mo ṣì ń di irun fún àwọn arúgbó ẹgbẹ́ mi tí kò bìkítà bó bá wọ́. Àràárọ̀ ni mò ń ṣe àṣàrò, lójú ọ̀nà ilé, lórí àpótí, ojú mi wà ní lílà. Mò ń mí, mò ń wo adìyẹ, mò ń wo àwọn ọmọ ilé ìwé bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ọlọ́run tí mò ń wá, mi ò fojú rí i. Mo mọ̀ pé mo wà níbí, mo sì mọ̀ pé mi ò dá wà.

Tọ́lání máa ń tan àtùpà ní ìrọ̀lẹ́ bí iná ò bá sí. Á gbé e síwájú mi, á dúró, torí ó mọ̀ pé màá wò ó kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Lánàá náà ó bi mí pé, "Màmá Àgbà, kí lẹ rí?"

Mo wò ó dáadáa. Mo ní, "Iná lásán ni, ọmọ mi. Iná lásán."